Ilé Fóòmù Wàrí àti Àyà Àbúrò Mi

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ti bi mí léèrè títí etí fi ń dùn mí. Ẹ ní ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń fi fóòmù kọ́lé ní Wàrí? Ẹ ní ṣé òjò ibẹ̀ kì í dá ni? Ẹ ní Wàsíù àbúrò mi ńkọ́, ṣebí torí rẹ̀ ni mo ṣe ti ilé búrẹ́dì mi tí mo fi lọ, kí ló dé tó jẹ́ èmi nìkan ni mo padà dé? Mo ti sinmi wàyí. Ẹ fara balẹ̀ kà á bó ṣe rí lójú mi, torí àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri Ògbómọ̀ṣọ́ bí ẹni pé àwọn ló wọ ọkọ̀.

Ìyá wa ń bá Wàsíù sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ kan, wọ́n wá gbọ́ pé ikọ́ rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Wọ́n gbé fóònù lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Sàlámátù, lọ bá mi mú Àjàní wálé, kí iṣẹ́ yẹn tó pa á." Àjàní ni oríkì rẹ̀. Ohun tó gbé mi lọ nìyẹn, kò sí òmíràn.

*Omi àti iná*

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ wa kọjá Bíní, òjò dé. Kì í ṣe irú òjò tiwa tó máa ń bá èèyàn jà, tí á sì lọ. Èyí rọra ń rọ̀ ni, bí ẹni tí kò níbi kankan tó ń kánjú lọ. Mo sùn, mo jí, igbó ṣì ń bẹ, omi sì wà nídìí igi gbogbo. Nígbà tó yá, n kò mọ̀ mọ́ bóyá ọkọ̀ ló ń lọ ni tàbí igbó ló ń kọjá lára wa. Mo lá àlá pé mo ń po ìyẹ̀fun nínú odò, ìyẹ̀fun náà ò sì rì.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, apá kan ojú ọ̀run pọ́n. Mo rò pé oòrùn ló ń wọ̀, àmọ́ oòrùn wà lápá kejì. Ọkùnrin tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mama, na gas. E dey burn since before dem born me." Iná ibi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì ni, tí kì í kú tọ̀sán tòru. Ẹ lè bú mi, ṣùgbọ́n ó dára lójú mi. Mo wò ó títí ọrùn fi wọ́ mi.

Ejiro, ìyàwó Wàsíù, ló wá pàdé mi ní Effurun. Ọmọ Urhobo ni. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ní, "Migwo, Mama!" Mo ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi." Kò dìde. Mo tún ní, "Ó tó, dìde." Kò dìde. Àwọn èèyàn ń kọjá, ọmọ yìí wà lórí ìkúnlẹ̀, ara mi ti ń gbóná. Ni obìnrin kan tó ń ta ẹja bá yíjú sí mi, ó ní, "Mama, answer am na! Tell am 'vrendo', make the pikin stand up!" Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé èmi ni mo so ó mọ́lẹ̀. Mo sọ ọ́ bí ẹnu mi ṣe gbé e, wọ́n hó yèè, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Kí n tó gbẹ́sẹ̀, ẹlẹ́ja ti mọ orúkọ mi, ó ti mọ ẹni tí mo wá kí, ó sì ti sọ irú ẹja tó yẹ kí wọ́n fi ṣe mí lálejò.

Lọ́nà ni Ejiro ti sọ fún mi pé tọkùnrin tobìnrin wọn ló ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Mo bi í pé Wàsíù tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀, báwo ló ṣe ń ṣe é? Ó ní, "Aunty, if e see my papa, e go first kneel, then e go lie down join." Inú mi dùn sí i.

*Usi*

Ilé wọn wà ní Ugborikoko. Oúnjẹ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú mi ń dán, epo ti pa á láró, bí mo sì ṣe fọwọ́ kàn án ló bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Usi ni wọ́n ń pè é. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni, tí wọ́n fi epo rò lórí iná, ọbẹ̀ ẹyìn ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Láti ìgbà ọmọge ni mo ti ń po ìyẹ̀fun, ọwọ́ mi mọ ohun tó bá ń fà. Àmọ́ èyí fà, kò já. Ó lẹ̀ mọ́ ìka mi, ó lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n mi. Ejiro rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n fi epo ra ọwọ́ ná. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbọ́ràn. Ọbẹ̀ náà ní òórùn ewé tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo di ojú mi bí mo ṣe ń gbé e mì, mo sì béèrè sí i, èmi tí mo ti ń sọ fún yín pé n kì í jẹ oúnjẹ àjèjì.

A ṣì wà nídìí oúnjẹ nígbà tí Wàsíù wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Irun rẹ̀ funfun, ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, bí ẹni pé ilé búrẹ́dì mi ló ti ń bọ̀, àfi pé sìmẹ́ǹtì ni tirẹ̀. Mo ní, "Àjàní, ọmọ ìyá mi." Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ kú ìrìn o, ẹ kú…" Ikọ́ kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó sáré jáde. A jókòó, èmi àti Ejiro, à ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé, ẹnì kankan nínú wa kò wo ojú ẹnì kejì.

Nígbà tó wọlé, ẹ̀rín ló fi wọlé. Ó já agolo mílíìkì, ó dà á sọ́fun lẹ́ẹ̀kan náà, ó fi ṣíbí epo pupa kan lé e. Ó ní, "Ó tán, Àǹtí. Mílíìkì á fọ eruku kúrò láyà, epo á fa ìyókù jáde. Gbogbo wa ní sáìtì là ń mu ún lójoojúmọ́." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Nílé wa níbí, ta ni kò mọ̀ pé epo ni ẹ̀rọ̀ májèlé?

Mo jíṣẹ́ Ìyá fún un. Ó mi orí. Ó ní, "Ilé alájà là ń parí lọ́wọ́. Àwọn ayálégbé ti ń retí àtikó wọlé. Èmi ni mo mọ ọwọ́ họ́ọ̀sì tí a fi ń tu sìmẹ́ǹtì sára ògiri jù níbẹ̀, Àǹtí. Bí mo bá fi sílẹ̀ báyìí, ẹlòmíràn á gbà á mọ́ mi lọ́wọ́." Bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́ tó, kò gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ejiro ń fọ abọ́, kò wo ojú mi. Ó ní, "Aunty, e no dey lie down sleep again. Na sit down e dey sleep. If e lie down, breath no go gree come. Abeg, carry am go house." Ọ̀rọ̀ náà gún mi láyà. Mo ní kí Wàsíù mú mi lọ wo ibi iṣẹ́ yìí, kí n fi ojú mi rí ohun tó ń bá ọmọ ìyá mi jà.

*Ilé tó fúyẹ́*

Ẹ̀yìn Jakpa Road ni. Ẹ óò kọjá àwọn ṣọ́ọ̀bù, ẹ óò kọjá ariwo jẹnẹrétọ̀ àti àwọn tó ń pe oníbàárà bí ẹni tó ń bá wọn jà, lẹ́yìn náà ẹ óò yà, ọ̀nà á dákẹ́. Ilé náà dúró síbẹ̀ láàárín omi òjò, ó funfun.

Wàsíù ní ilẹ̀ Wàrí rọ̀, ilé búlọ́ọ̀kù sì wúwo, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú èyí wá. Fóòmù funfun ni ògiri rẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń fi há tẹlifíṣọ̀n mọ́ inú páálí, ó kàn nípọn ju ìyẹn lọ ni. Àwọn wáyà tí wọ́n hun bí àwọ̀n wà níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á tò ó dúró, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ tu sìmẹ́ǹtì àti iyanrìn sí i lára láti ẹnu họ́ọ̀sì. Ó ní kí n di ẹ̀gbẹ́ kan mú. Èmi àti àbúrò mi gbé odindi ògiri kan bí ẹni gbé ẹní! Mo rẹ́rìn-ín sókè. Ilé tí baba wa kọ́, ọdún mélòó la fi ru amọ̀?

Wọ́n tan ẹ̀rọ. Kùrukùru funfun sì gba gbogbo inú ilé. Oòrùn àárọ̀ wọlé láti ojú fèrèsé tí kò tíì ní gíláàsì, ó dúró sínú kùrukùru náà gbọnrangandan. Àwọn ọkùnrin ń rìn nínú rẹ̀, n kò rí ẹsẹ̀ wọn. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ débi pé gbogbo nǹkan dákẹ́ létí mi. Wàsíù wà láàárín wọn, họ́ọ̀sì wà léjìká rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan kun ògiri láti òkè wá sílẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ. Mo dúró síta, mo ń wò ó, mo gbàgbé ohun tí mo wá ṣe. Ẹ má purọ́ mọ́ mi pé mo kórìíra iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Gbogbo wọn ló ní ìbòmú. Ọrùn ló wà. Wọ́n ní ooru pọ̀, wọ́n ní ohun náà kì í jẹ́ kéèyàn mí, àti pé ṣebí mílíìkì ń bẹ. Àfi ìgbà tí Ẹnjiníà Títí dé ni gbogbo wọn fà á sókè bo imú, tí wọ́n ń ṣe bí ọmọ dáadáa.

Ẹnjiníà yìí ni ọ̀gá ibẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, láti Èkó ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti gbé e wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó mú mi yíká bí ẹni ń mú ìyá rẹ̀ yíká. Ó ní, "Màmá, fóòmù yẹn ò gbé nǹkan kan o. Sìmẹ́ǹtì àti wáyà tó wà lára rẹ̀ ló ń gbé ilé. Òun náà ni kì í jẹ́ kí iná rí fóòmù jẹ. Bó bá fẹ́lẹ́ níbì kan, tàbí tí kò lẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ni ewu wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́dọ̀ fi òòlù kan gbogbo ògiri, kí n gbọ́ bó ṣe ń dún, kí ẹnikẹ́ni tó sùn níbí. Mo ti kan ti ìsàlẹ̀. Ti òkè ló kù, Bọ̀ọ̀dá Wàsíù ní kò tíì gbẹ." Mo ní kí Ọlọ́run fún wọn ṣe. Kò sọ fún mi bí ògiri tó dára ṣe ń dún, èmi náà kò sì bi í.

*Ó ti jinná*

Mo gun òkè lọ fúnra mi. Wàsíù rí mi, ó tẹ̀ lé mi. Òkè tutù, ó dákẹ́, àwọn yàrá funfun ṣí sínú ara wọn, mo ń fọkàn to bẹ́ẹ̀dì àti àga sí i, mo ń rí àwọn ọmọdé tó máa sáré níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi mọ bí mo ṣe ń ṣe. Bó bá jáde láàrò, mo máa ń dojú rẹ̀ dé, mo máa ń fi ìka kan ìdí rẹ̀. Bó bá dún kó-kó-kó bí igbá òfìfo, ó ti jinná. Bó bá dún gbì, omi ṣì wà níkùn rẹ̀. Ọwọ́ mi kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ògiri. Ibi àtẹ̀gùn dún gbì. Yàrá àkọ́kọ́ dún gbì. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá kejì, ó dún kó-kó-kó. Inú mi dùn! Mo sún díẹ̀, ó tún dún kó-kó-kó. Mo fi ohùn tí mo fi ń polówó búrẹ́dì kígbe: "Àjàní! Ibí ti jinná o! Ó ti gbẹ dáadáa, àwọn ìyókù ló ṣì tutù!"

Wàsíù ń mi orí sí mi. Mo rò pé ìyìn ló ń tì í lójú ni. Mo tún kan òmíràn, mo tún yìn ín. Ẹnjiníà ti gun òkè wá lẹ́yìn wa. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kàn." Mo fi ìgbéraga kàn án. Ó gbé etí lé ògiri. Ó yọ ṣọ́ọ̀kì, ó fa òbìrípo kan yíká ibẹ̀. Ó gba òòlù kékeré kan, ó ń kan ògiri lọ, ó ń fa òbìrípo lọ. Ògiri tí àbúrò mi kun wá dà bí aṣọ tó ní ihò káàkiri.

Ó yíjú sí mi, ó rọra sọ ọ́, torí ó rí i pé ẹ̀rù ti ń bà mí. Ó ní, "Màmá, ti ògiri kì í ṣe bíi ti búrẹ́dì. Èyí tó bá dún báyìí, sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀." Atẹ́gùn ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo sì fẹ́ atẹ́gùn náà. Mo wá ibi tí n óò fi ojú mi sí, n kò rí.

Àwọn òṣìṣẹ́ ti kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnjiníà béèrè ẹni tó di họ́ọ̀sì mú lókè yìí. Ọ̀kan lára wọn tó fẹ́ràn Wàsíù yára fèsì: "Na machine, madam. That machine dey cough since." Ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀. Ẹ̀rọ kò ní ẹnu tí á fi jiyàn.

Wàsíù ní, "Ẹ má parọ́ mọ́ ẹ̀rọ. Èmi ni mo ń wúkọ́." Ó jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Bí ó bá ti mú mi, ọwọ́ mi á yẹ̀. Kí n tó rí èémí fà, ibi tí mo fi sílẹ̀ á ti gbẹ, èyí tí mo bá tu lé e ò ní mú mọ́. Mo mọ gbogbo ibẹ̀, Ẹnjiníà. Mo rò pé ara mi á yá, kí n tún un ṣe kí ẹ tó kàn án. Ara ò yá."

Ẹnjiníà kò pariwo. Ó wo àwọn tó kù. Ó ní, "Who else?" Ẹnì kan wá wúkọ́ lẹ́yìn. Òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú, ikọ́ ti gba ẹnu ọ̀nà, àwọn géńdé ọkùnrin di ògiri mú, wọ́n ń wú u jáde bí ẹni pé àti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti há a mọ́ra. Mo bú sẹ́kún. N kò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín ju bẹ́ẹ̀ lọ.

*Ibi tí mílíìkì kì í dé*

Ọkọ̀ Ẹnjiníà ló gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Dókítà jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń dẹ́rìn-ín pa èèyàn kó tó sọ ohun tí kò dùn. Ó wo agolo mílíìkì tó wà lápò Wàsíù. Ó ní, "My brother, milk dey go belle. Na breeze dey enter chest. Two of dem no dey use one road." Wàsíù bi í pé kí ni wọ́n á wá fi fọ eruku náà jáde? Dókítà ní kò sí. Èyí tó ti wọlé ti wọlé. Ṣùgbọ́n bí kò bá jẹ́ kí òmíràn wọlé mọ́, ó lè pẹ́ láyé.

Wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀. Wàsíù gbé e sí ojú fèrèsé, a jọ ń wò ó. Dúdú ni ó yẹ kí ibẹ̀ rí, dókítà ní. Funfun tín-tìn-tín ló wà káàkiri rẹ̀, ó dúró sójú kan. Kùrukùru àárọ̀ yẹn ni. Èyí tí mo dúró síta tí mo ń wò, tí mo ní mo fẹ́ràn, ó wà láyà àbúrò mi.

Ẹnjiníà dá iṣẹ́ dúró. Ó ní àwọn ayálégbé á dúró, wọ́n á ha gbogbo ibi tó fi ṣọ́ọ̀kì yí, wọ́n á tún sìmẹ́ǹtì tu sí i. Ìbòmú tuntun dé, èyí tó ṣe é mí dáadáa, ó sì ní ẹni tí kò bá lò ó kò gbọdọ̀ súnmọ́ ẹ̀rọ, ì báà mu mílíìkì ogún màlúù. Kò lé Wàsíù. Ó ní kó máa dúró síta, níbi tí eruku ò dé, kó máa kọ́ ẹlòmíràn ní ọwọ́ họ́ọ̀sì.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, kó di ẹrù rẹ̀ ká máa lọ. Àjàní ní òun ò lọ. Mo bínú. Mo ní, "Ṣé ògiri ló bí ẹ ni?" Ó ní, "Àǹtí mi, èmi ni mo mọ gbogbo ibi tí mo ti wúkọ́. Òòlù lè fo ibì kan. Ọmọ ọlọ́mọ ló máa sùn sábẹ́ rẹ̀." Inú ń bí mi, mo tún ń yangàn lórí rẹ̀, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

*Ẹrù*

Ní àárọ̀ tí mo ń bọ̀, Ejiro di ẹja gbígbẹ, usi àti ẹyìn tó ti gún sínú àpò ńlá kan fún mi. Omi òjò ti bo àdúgbò, kẹ̀kẹ́ kò lè wọlé, a ní láti fẹsẹ̀ rìn dé títì. Wàsíù gbé àpò náà karí. Mo ní kó gbé e fún mi, ó ní kí ni àwọn èèyàn á sọ, pé ẹ̀gbọ́n ń ru ẹrù, àbúrò ń ju apá?

A kò tíì rìn jìnnà tó fi dúró. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó jókòó lé e lórí, ó ń wá èémí. Mo jókòó tì í. Àwọn tó ń kọjá ń kí wa, "Well done, Mama. Oga, sorry o." A ń dáhùn bí ẹni pé ṣe la kàn fẹ́ jókòó. Oòrùn yọ sórí omi. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ó ní, "Àǹtí, kí lẹ máa sọ fún Ìyá?" Mo ní n óò sọ ohun tí mo rí. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo gbé ẹrù yín dé ọkọ̀."

Mo dìde, mo gbé àpò náà karí ara mi. Ó na ọwọ́ láti gbà á, ó wá dá ọwọ́ náà padà. Mo ń rìn jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́ ju bí ọjọ́ orí mi ṣe ń rìn lọ, kó má baà di pé ó máa ní kí n dúró de òun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bi mí ní ọ̀nà Wàrí, iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀, ó sì dára. Ẹ fi ìbòmú bo imú yín. Ní ti Àjàní, mo sọ fún Ìyá pé yóò wálé bí ògiri bá ti dára, pé ara rẹ̀ ń yá, pé òun ló gbé ẹrù mi dé ọkọ̀. Ìyá ò mọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka eléyìí sí wọn létí.